Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ajá tí ò lólówó là lábúlé rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Abúlé kan ni, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, lápá ibi tí wọ́n ti ń gé gẹdú, ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ń gbé, gàrí ni wọ́n ń yan. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, mo jáde fẹ́ lọ tọ̀, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ni mo bá rí i tí eérú ń mí. Mo ní eérú ń mí! Àṣé ajá mẹ́ta ló ká jọ síbẹ̀ torí ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, eérú ti bò wọ́n tán, etí nìkan ló yọ síta. Mo lọgun. Màmá ní kí n má yọ wọ́n lẹ́nu jàre, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Mo ní ta ló ni wọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ni wọ́n. Àwọn tó wá gé gẹdú ló mú ìyá wọn wá, nígbà tíṣẹ́ tán wọ́n kó ẹ́ńjìnnì, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n fi ajá sílẹ̀, ó bá ń bí, àwọn ọmọ náà ń bí. Egungun ìhà wọn ṣeé kà. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé omi pákí tó ń ro látara àpò tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ni wọ́n ń lá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, májèlé sì nìyẹn, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ gàrí mọ̀ pé ó ń pa ewúrẹ́. A la táyà mọ́tò kan tó ti gbó sí méjì, a fi ṣe àwo omi fún wọn, kò náni ní kọ́bọ̀.

Ìgbà tó kan abẹ́rẹ́ ni mo gọ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin dáwó, a gbé dókítà ẹran láti Ìjẹ̀bú-Òde, a já wọ abúlé lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú okùn àti àpò ìrẹsì, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù wá! Wọ́n rò pé àwọn tó ń jí ajá tà fáwọn tó ń pa á jẹ ni wá. Àwọn ajá ti sá wọ oko kòkó, yìnyín ń yọ́ nínú kúlà, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí ò bá ti tutù mọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Owó wa wọgbó.

Lẹ́ẹ̀kejì, màmá ló kọ́kọ́ lọ rí olórí ọdẹ. Bàbá yẹn ò gbé okùn. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí ajá, wọ́n ju orí ẹja gbígbẹ sẹ́yìn, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ bíi pé wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ajá ti ń gbóòórùn ẹsẹ̀ wọn. Ìyá kan bá tú ọ̀já tó fi pọnmọ, wọ́n fi wé e lẹ́nu wẹ́rẹ́, dókítà gún un lẹ́yìn ọrùn, ó parí.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Káàdì abẹ́rẹ́ ní àyè orúkọ olówó ajá. Àwọn ìyá tó ti ń sọ látàárọ̀ pé kò sẹ́ni tó ni wọ́n, kí la máa gbọ́, "Funfun yẹn tèmi ni, èmi ni mo ń fún un lẹ́bà." "Irọ́ ni, ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n bí i sí." "Dede wọn, gbogbo wọn pátá, tèmi ni!" Ó wá ku orúkọ ajá. Ẹnì kan sọ tiẹ̀ ní Ẹ-fi-mí-sílẹ̀-n-jayé-mi, gbogbo abúlé mọ ẹni tó ń bá wí, ẹni náà sì dúró síbẹ̀. Orúkọ ò gba orí káàdì. Ajá 11 la gún lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta sá.

Ó yá, ta ló kàn?

Ará Ìṣarà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi kì í ṣe ẹ̀rín. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ló gé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ lóko, wọ́n ti ń wá irun ajá náà tí wọ́n máa jó lé ojú egbò kí n tó débẹ̀. Mo gbé ọmọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ọmọ ń ké, ìyá ẹ̀ ń bú mi. Hòsípítù àkọ́kọ́ tá a dé, abẹ́rẹ́ ti tán, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fúráìdé la wà o! Ṣágámù la ti padà rí i. Ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ 3 lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14, ọjọ́ 28, a ò pa ìkankan jẹ, torí dìgbòlugi lè sá pamọ́ sára fún oṣù méjì mẹ́ta, tó bá sì ti yọjú báyìí, agbára káká lẹ́nì kan fi máa yè é. Ọdọọdún lágboolé wa ń dáwó abẹ́rẹ́ ajá báyìí, tolówó àti èyí tí ò lólówó.

Ọmọ Ògèrè: Ní tiwa, àwọn onímọ́tò ló ń dà wọ́n sílẹ̀. Níbi táwọn tírélà ń páàkì sí, mọ́tò á dúró, ilẹ̀kùn á ṣí, ajá á bọ́ sílẹ̀, mọ́tò á lọ. Mo rí ọ̀kan tí bẹ́líìtì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ojú kan náà ló jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́rin, mọ́tò dúdú èyíkéyìí tó bá ń bọ̀ ló máa dìde sí. Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀. Ó wà nílé mi.

Ìyá Òdogbolú: Ẹ má bínú o, èèyàn ò tíì jẹun yó, ajá lẹ̀ ń dáwó fún?

Èmi tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé: Ẹ ò jẹ̀bi, màmá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn ní látìgbà táwọn ajá yẹn ti ń jẹun, ewúrẹ́ ò dé ìdí pákí àwọn mọ́.

Ẹ gbọ́ tuntun o. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó sá ti padà wá, pẹ̀lú oyún. Oyún ajá ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, kò jẹ́ ká rọ́gbọ́n dá, inú ààrò kan náà ló bímọ sí, mẹ́fà! Abẹ́rẹ́ tiwọn di oṣù mẹ́ta. Màmá ò lè dáná síbẹ̀ mọ́, ààrò aládùúgbò ni wọ́n ń yá lò, wọ́n ní kí n wá mọ òmíràn fáwọn kí n tó tún béèrè gàrí.