Orí ń fọ́ mi látìgbà tí mo ti ń lo fítámì, ẹ gbà mí o

Ìyàwó Tíṣà, Lagere, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí orí ń fọ́ mi, àfi bí ẹni ń lu agogo níbẹ̀. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ló máa ń le jù. Torí pé ó ń rẹ̀ mí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo fítámì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ mi ní fóònù tí mò ń tẹ̀ lóru ló fà á. Ṣé fóònù ló tún ń bó ètè mi bí èèpo ẹ̀pà? Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò sì jẹ́ ká sùn, a sọ ọ́ títí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa kàn kó parasítámọ̀ fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé fítámì lè fọ́ èèyàn lórí ni?

Ìyá Ìbejì: Ibà ni. Bó ṣe mú mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn, mo ń pè é ní wàhálà ọjà, àṣé ibà ti wọra. Lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bàbá Dàmọ́lá: Oògùn òyìnbó ti wọ̀ yín lẹ́wù jù. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kún Ọjà Tuntun ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹnu rẹ̀ ná. Ìyàwó wa, fítámì wo? Mélòó lójúmọ́? Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ fún wa.

Ìyàwó Tíṣà: Ojúlówó ni o, kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀jẹ̀ mi ò sì ru, mo ti wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ibà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ìgò, ẹ̀yin ìyàwó wa. Ìgò ni mo ní kí ẹ kà.

Ìyàwó Tíṣà: Fítámì A ni wọ́n kọ síbẹ̀, 25,000 IU, ìyẹn ìwọ̀n fítámì tó wà nínú hóró kan. Hóró rẹ̀ rọ̀, epo ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń tún awọ ṣe, ni mo ṣe ń lo méjì láràárọ̀. Mo tún ń mu ṣíbí cod liver oil (epo ẹ̀dọ̀ ẹja) kan lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ dá méjèèjì dúró lónìí! Fítámì A kò dà bíi C tí èèyàn ń tọ̀ dànù, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó ara jọ sí. 10,000 IU lójúmọ́ ni kí àgbàlagbà má kọjá. 50,000 lẹ̀ ń gbé mì, a ò tíì ka ti cod liver oil tí fítámì A wà nínú òun náà. Tó bá ti pọ̀ jù lára, ó lè mú kí omi tó yí ọpọlọ ká máa fún un mọ́lẹ̀. Irú orí fífọ́ àárọ̀ yìí àti ètè bíbó bá a mu. Ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì? Bàbá Dàmọ́lá, ẹ ò purọ́ nípa epo pupa: ìwọ̀n tí ara bá nílò ló ń yí padà di fítámì A nínú rẹ̀.

Bàbá Dàmọ́lá: Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó Tíṣà: Ojú ń ṣe bàìbàì lóòótọ́, mo rò pé àìsùn ni. Ẹ má bínú sí mi, ó ku nǹkan kan. Nǹkan oṣù mi ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Háà! Ẹ má dúró dọ̀la o. Tó bá jẹ́ oyún ni, fítámì A tó pọ̀ báyìí lè ba ọmọ jẹ́ nínú níbẹ̀rẹ̀ oyún. Ẹ gba Tíṣìn Họ́sípítù lọ, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún, ẹ sọ ti ojú yẹn fún dókítà, kẹ́ ẹ sì mú ìgò méjèèjì dání.

Ìyá Ìbejì: Olúwa á ṣọ́ ọ, ọmọ mi. Pe ọkọ rẹ.

Ìyàwó Tíṣà: Ó ti dé láti ilé ìwé. Mo ti kó ìgò méjèèjì sí náílọ́ọ̀nù, a ti ń jáde.