Processor wo ló yẹ fún kọ̀ǹpútà ilé: i7-7500U tàbí i5-8250U?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ fún ilé wa n'Ìbàdàn. Ìyàwó mi yóò máa fi tẹ ìwé, àwọn ọmọ yóò máa fi ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa fi fídíò bá ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ọ̀kan jẹ́ Intel Core i7-7500U, ti èkejì jẹ́ Core i5-8250U, RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8GB ló sì wà nínú méjèèjì. Ó ní i7 ló lágbára jù, owó rẹ̀ sì ga ju ti èkejì lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì kìn-ín-ní

Kì í ṣe òótọ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń fi ìran tí processor náà jẹ́ hàn: 7500U jẹ́ ìran keje, ó jáde ní 2016, 8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó jáde ní 2017. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni Intel sọ core (ẹ̀yà inú processor tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an) inú irú processor alágbèéká yìí di mẹ́rin, tó jẹ́ pé méjì péré ni i7 tí wọ́n fi lọ̀ yín ní. Bí àwọn ọmọ bá ṣí ojú ewé púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìpè fídíò ń lọ lọ́wọ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀ wọn. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì bá pé márùn-ún, bíi i3-12100, méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà pọ̀: ìran kejìlá nìyẹn.

Èsì kejì

Ohun tó ká mi lára ju core lọ ni ti ààbò. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn, ìyẹn àtúnṣe ààbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ déédéé, fún Windows 10 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, i7-7500U kò sì sí lára àwọn processor tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11, bẹ́ẹ̀ i5-8250U wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí èyí tí wọn kò fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ ní báńkì nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ tún rí i dájú pé SSD (ibi ìtọ́jú fáìlì tó yára) ló wà nínú rẹ̀, nítorí hard disk àtijọ́ yóò mú kí processor tó dára pàápàá máa wọ́ bí ìgbín.

Èsì kẹta

Bí ẹ bá rí tuntun tó ní Intel N100, tó jáde ní 2023, ẹ má fojú di í nítorí pé kò ní i3 tàbí i5 lórúkọ. Core mẹ́rin ló ní, wáàtì 6 ni Intel sì kọ sí i, nígbà tí ti i5-8250U jẹ́ 15, èyí tó ṣe pàtàkì fún ilé tó ń lo inverter. Àmọ́ inú àpótí kékeré tí kò ní bátìrì ni wọ́n sábà máa ń tà á sí. Bí NEPA bá mú iná lọ láìsí inverter, iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì tọ́jú pamọ́ ti bá a lọ nìyẹn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. A kò tíì ní inverter, nítorí náà i5 alágbèéká náà ni mo máa mú. Ṣé kí n kàn lọ sanwó rẹ̀?

Èsì kìn-ín-ní

Ó tì o. Ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi wo fídíò fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ lè mọ bí bátìrì rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Task Manager, níbi tí orúkọ processor àti iye core rẹ̀ yóò ti hàn, nítorí sítíkà tó wà lára kọ̀ǹpútà ṣeé pààrọ̀.