Dírẹ́kítọ̀ ní Délé ò pani lẹ́rìn-ín tó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àsìkò yìí o.

Eré àtìgbàdégbà kan ni mò ń kọ lọ́wọ́ fún tẹlifíṣọ̀n níbí ní Ìbàdàn, apá mẹ́tàlá. Agbo-ilé kan ni gbogbo wọn ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Délé, télọ̀ ni, ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń fẹ́. Mi ò sọ ọ́ síta nínú skríìpù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọkàn sí i á mọ̀. Télọ̀ tó máa ń ránṣọ màmá mi nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo ń wò kọ ọ́: èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í dá oníbàárà lọ́jọ́ tí kò ní pé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Dírẹ́kítọ̀ ka apá mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní Délé ò pani lẹ́rìn-ín tó. Ó fẹ́ kó máa ju ìdí, kó lé tìróò, kó máa fohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ní apá kẹsàn-án, ká wá rí i pé àwọn olówó ẹgbẹ́ òkùnkùn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fẹ́ ọkùnrin nítorí oògùn owó. Ní apá kejìlá, kí wòlíì lé ẹ̀mí náà jáde. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó ń náwó sí eré náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n gbowó mi? Àbí kí n yọ Délé kúrò pátápátá? Owó ilé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé o.

Bàbá Eléré: Ọmọ mi, irọ́ kọ́ ni dírẹ́kítọ̀ rẹ pa. Èmi gan-an ti ṣe wòlíì yẹn rí, pẹ̀lú agogo àti omi inú ike. Ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Yọ ọmọkùnrin náà kúrò. Bí ó bá ń jẹ ọ́ lọ́kàn, kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́yà Wa: Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú òfin ná. Èyí tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ó sì fi ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò dárúkọ eré níbì kankan. Àwọn àjọ tó ń ṣọ́ wa ni kí ẹ máa wò. Ní 2020, tí Uyaiedu Ikpe-Etim àti Pamela Adie ṣe fíìmù *Ìfé*, lórí obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ọ̀gá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ wọn bí wọ́n bá gbé e jáde láìgbàṣẹ. Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn. Ti Délé ò le tó ìyẹn: kò sí ibùsùn, kò sí ìfẹnukonu. Ẹ ka àdéhùn yín dáadáa. Ta ló láṣẹ láti yí skríìpù padà?

Ọmọ Alùfáà: Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa gbé gay sórí tẹlifíṣọ̀n rárá, Bíbélì àti Kùránì ò sì fọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ wòlíì apá kejìlá náà. Irọ́ ni. Ta ló sọ fún wọn pé oògùn owó ló ń mú ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin? Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ̀ pọ̀ bí ata.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àbúrò mi, má yọ ọ́. Ní 1986 ni Colin, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, wọ inú EastEnders, eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n níbí ní London, Michael Cashman ló ṣe é. Ní 1987 ó fẹnu ko ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ níwájú orí, iwájú orí lásán o, ni àwọn ìwé ìròyìn bá gbaná jẹ. Ó di 1989 kó tó kan ẹnu. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ìyẹn, Colin ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbé àdúgbò bíi tàwọn yòókù.

Èyí tó wá mú mi jókòó ni Eric, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin inú eré àtìgbàdégbà *Sex Education*, àwọn ọmọ mi ló fi hàn mí. Ọmọ Nàìjíríà nílùú òyìnbó ni, Ncuti Gatwa ló ṣe é. Eric ń kunjú, ó ń wọ aṣọ aláràbarà, kò sì jẹ́jẹ́ rárá. Nítorí náà tìróò kọ́ ni ìṣòro Délé. Eric ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bàbá tí ẹ̀rù ń bà nítorí rẹ̀, tó fi mọ́tò gbé e lọ síbi ijó ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì mọ ohun tó yẹ kó sọ. Bàbá yẹn ni mò ń wò ní tèmi. Ta ni bàbá Délé?

Láìdárúkọ (alábòójútó ló bá a fi síbí): Irú ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mí. Àwọn ará ilé mi fẹ́ràn irú fíìmù yẹn. Bí ọkùnrin náà bá ti ju ìdí wọlé, gbogbo pálọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, tèmi ló sì máa ń ròkè jù, kí ẹnikẹ́ni má baà wojú mi. Ní 2004, Bisi Alimi jókòó níwájú Funmi Iyanda, atọ́kùn ètò, lórí NTA, ó ní gay lòun. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi, òṣèré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe oníwàásù. Ojú rẹ̀ rí màbo lẹ́yìn náà. Ní 2007 ó sá lọ sí London. Mi ò ní kí ẹ sọ Délé di akọni. Ẹ jẹ́ kó ránṣọ, kó jẹ gbèsè, kó bínú. Bí ẹ ò bá rí i ṣe, ẹ yọ ọ́. Ìyẹn sàn fún mi ju wòlíì lọ.

Ẹ́dítọ̀: Dírẹ́kítọ̀ fẹ́ ẹ̀rín, ẹ fún un lẹ́rìn-ín. Délé ni kó máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni, ó mọ ìbàdí gbogbo àdúgbò, ó mọ ẹni tó sanra tó ń purọ́. Kọ ìran kan péré, kó kà á, kí ẹ tó jọ jiyàn.

Òǹbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo kọ ìran kan tí ìyàwó káńsẹ́lọ̀ ń bá Délé jà pé téèpù rẹ̀ ló ń purọ́. Dírẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ti fi ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀. Wòlíì ni kò lè yọ, wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún òṣèré tó máa ṣe é. A wá jọ gbà pé kí wòlíì wá rán sùtánà lọ́dọ̀ Délé, kó má sanwó. Tìróò ṣì ń fa wàhálà láàárín wa. Bàbá Délé ń bọ̀ ní apá kẹfà.

Lọ́yà Wa: Àdéhùn ńkọ́?

Òǹbéèrè: Mo ṣì ń wá a, sà.