Ìbéèrè: Ṣé aṣọ ìkíni ni ká gbé lọ bá ẹni tó wọlé, àbí ìwé ohun tí à ń retí?

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìpàdé wa ní Ọjọ́rú. Àdìrẹ ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ládùúgbò. Látìgbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti kéde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023 yìí pé Bọ́lá Tinúbú ló wọlé ìbò ààrẹ, làwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń sọ pé ká dáwó jọ, ká ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó rẹwà, ká gbé e lọ kí ẹni tí ìlú dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kú oríire, kó lè mọ̀ wá. Mo ní kò burú, àmọ́ ká kọ ohun tí à ń retí sínú ìwé, ká fi lé e lọ́wọ́. Ni wọ́n bá figbe ta! Wọ́n ní alátakò ni mí.

Mi ò ní sọ ẹni tí mo dìbò fún. Ẹ kúkú mọ bí ìpínlẹ̀ wa ṣe pín: Àtíkù ní 354,366, Tinúbú ní 343,945. Nínú ilé tèmi gan-an, ìbò ọkọ mi àti tọmọ mi ò bára mu. Ṣùgbọ́n ẹni yòówù kó wọlé, ohun tí mò ń retí ò yàtọ̀.

Mo fẹ́ kí owó ṣeé ná. Lánàá, oníbàárà kan kó ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́, èyí tí wọ́n fi tuntun rọ́pò, wá fún ọ̀pá márùn-ún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní a lè ná an títí di 31 oṣù kejìlá ọdún 2023 yìí, síbẹ̀ ẹni tí mò ń ra àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbà á, awakọ̀ ò gbà á. Obìnrin náà ká aṣọ náà, ó tún tú u, ó fọwọ́ pa á títí, ó ní òun ń bọ̀. Kò tíì padà wá. Mo sì fẹ́ kí dọ́là farabalẹ̀, torí òkè òkun ni aró àti kọ́sítíìkì tí à ń lò ti ń wá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ mi ọkùnrin. Oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ọmọ tó yẹ kó ti máa sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bá mi yọ́ àbẹ́là. Ọwọ́ rẹ̀ dáa nínú iṣẹ́ náà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tá a torí ẹ̀ rán an níléèwé nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dìbò nìyí. Ní báyìí, ó ní òun ò ní jáde ní Sátidé ọjọ́ 18 tí wọ́n sún ìbò aṣòfin ìpínlẹ̀ sí.

Ṣé mo ti ṣàṣejù ni? Tá a bá máa kọ̀wé, kí ni ká kọ, ta ni ká kọ ọ́ sí? Kí ni kí n sọ fọ́mọ yìí?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Akọ̀wé wa, ẹ rọra. A kì í lọ kí èèyàn kú oríire ká máa gbé ẹ̀sùn lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ṣáájú, kí ìwé tẹ̀lé e.

Ọmọ Ayétòrò:
Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ aṣọ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò sórí ìlà nínú oòrùn lẹ ṣe é lóore. Òun ló yẹ kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ìyá wa, ẹ ò ṣàṣejù. Ohun tó máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé a máa ń kó gbogbo ìṣòro ayé pọ̀ fún ẹnì kan, onítọ̀hún á kàn mi orí, ó parí. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náírà àti dọ́là, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ àti báńkì àpapọ̀ ló wà. Aṣojú yín ò lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa dọ́là wálẹ̀, àmọ́ iwájú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìṣúná ń gbà kọjá, wọ́n sì lè pe mínísítà wá ṣàlàyé. Torí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè tó máa ní láti dáhùn: tí owó yunifásítì bá dé iwájú yín, kí lẹ máa sọ sí i? Ọjà, gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ìyẹn sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí Àbújá.

Ẹ fi ti epo sí i. Nínú ìṣúná ọdún 2023, owó ìrànwọ́ epo, tírílíọ̀nù 3.36 náírà, ìparí oṣù kẹfà ló máa dópin. Àwọn olùdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó léwájú ló sọ pé àwọn máa yọ ọ́. Ẹni yòówù ká dìbò fún, ó ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá kọ pé "ẹ jẹ́ kí epo dínwó", ẹ ò ní rí èsì gbà. Ẹ bi í pé: owó tẹ́ ẹ bá yọ, kí lẹ máa fi ṣe tí ọkọ̀ Gbọ̀ngán sí Òṣogbo ò fi ní di ohun tí apá wa ò ká?

Ní ti aṣọ, ẹ mú un dání láti fi hàn án, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ sọ iye tí ọ̀pá kan jẹ́ fún un. Bó bá fẹ́ràn yín, kó rà á.

Wẹ́dà Old Garage:
Ẹ bá wa fi iná sí i. Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ epo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń jó irin lójoojúmọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan:
Màámi, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó yé mi, èmi náà wà nílé fún oṣù mẹ́jọ yẹn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìbò ààrẹ ò sì tó mílíọ̀nù 26. Mílíọ̀nù mẹ́jọ àti díẹ̀ ló gbé ẹni tó wọlé dépò. Bí ọ̀rọ̀ ààrẹ bá ń dùn ún, àwọn tí kò fara mọ́ èsì ní ọjọ́ 21 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn máa lọ ní tiẹ̀. Aṣòfin ìpínlẹ̀ 26 la ní ní Ọ̀ṣun. Ìbò tó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé kéré gan-an sí ti ààrẹ, tiẹ̀ á sì wúwo níbẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un o. Ẹ kàn sọ fún un.

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín náà. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, a máa kí i dáadáa ká tó kó ìwé jáde. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: yunifásítì, owó epo, àti iná tí Wẹ́dà sọ. Gọ́tà tó ń da omi wọ ibi tí à ń sá aṣọ, mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Tíṣà, ṣé ẹ̀dà kan tó?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí gbogbo ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Níbi tẹ́ ẹ bá ti fi í lélẹ̀, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà kejì. Ẹ mú ìyẹn padà wálé. Oṣù kẹfà ni àwọn aṣojú-ṣòfin máa búra wọlé. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn ìyẹn.