Ọ̀dà tuntun, tẹ̀tẹ̀ mi ń pupa: ṣé ká sè é?

Ìyá Àyọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Òkè-Baálẹ̀ ni mo wà, ní Òṣogbo níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn la kun ara ilé lóde. Akunlé parí ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò sì dé lóru ọjọ́ náà, èyí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi funfun bí omi ògì ti ṣàn látìdí ògiri gba inú ebè tẹ̀tẹ̀ mi kọjá, ó gbẹ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ bí ẹfun. Ní báyìí àwọn ewé ìsàlẹ̀ ń pupa. Iṣan ewé ṣì tutù, àárín iṣan ló pupa, etí rẹ̀ sì ń gbẹ bí ohun tí iná rà. Ebè kejì tó wà nídìí fẹ́ńsì, tí omi yẹn ò dé, ń dán ni. Bàálé mi ní ọ̀dà kì í pa ẹ̀fọ́, pé ká já a ká sè é. Ìyá ọkọ mi ní ká fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Kànga wa ò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Akunlé Òkè-Fìà: Ìyá wa, ẹ̀bi ẹni tó kun ún ni. Wọn kì í kun ilé nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ọ̀dà olómi tí kò tíì gbẹ dénú, òjò á fọ̀ ọ́ lọ ni. Ṣùgbọ́n kó pa ẹ̀fọ́ kẹ̀? Ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wò ó bóyá kòkòrò ni.

Àgbẹ̀ Ìlobùú: Ọ̀gá, tí ẹ bá ti fi diuron fín koríko rí, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ṣe ń pa á gan-an nìyẹn: kì í jẹ́ kí ewé lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ mọ́. Òun kan náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ìta kí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn má baà hù lára ilé.

Tísà: Òótọ́ ni. Oògùn yẹn gbọ́dọ̀ máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wá sójú ògiri kó tó lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni òjò ti ń gbà á. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn kíkùn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ó lè máa jò fún ọdún mélòó kan. Ní Jámánì, wọ́n rí terbutryn, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ bíi diuron, nínú omi abẹ́ ilẹ̀ láàárín ìgboro, ara ògiri ló ti wá. Ẹ má sè é o. Iyọ̀ ò lè fọ ohun tí gbòǹgbò ti fà mu. Ẹ ka ara garawa ọ̀dà náà.

Akunlé Òkè-Fìà: Tísà, garawa wo? Èyí tí wọ́n ń pò lẹ́yìnkùlé, ta ló ń kọ nǹkan sí i lára? Ká sòótọ́, nígbà tí mo ń pò ó fúnra mi, fọmalín la máa ń dà sí i kó má baà rùn. Kò sí pé à ń wọ̀n ọ́n. Omi á kàn máa bọ́ lójú wa bí ẹni ń gé àlùbọ́sà.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Omi tí ẹ fi ń fọ bùrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Gọ́tà iwájú ilé wa lẹ ń dà á sí, odò Ọ̀ṣun ló sì ń lọ. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, ẹ tún fẹ́ bá wọn kun ún.

Tísà: Ìyá Àyọ̀, ṣé ẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí ẹ tó kun tuntun? Ìyẹn ló ń já mi láyà jù. Òfin NAFDAC ti 2021 ní òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ọ̀dà ayé ọjọ́un ò mọ òfin yẹn. Òjé kì í jẹrà. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló máa jókòó sí títí ọmọ á fi fọwọ́ kó o sẹ́nu.

Àgbẹ̀ Ìlobùú: Ẹ fa tẹ̀tẹ̀ yẹn tu, ẹ má fún ewúrẹ́. Ẹ ha iyẹ̀pẹ̀ funfun yẹn sínú àpò. Ẹ mọ ebè kékeré kan kí omi ògiri má baà wọ kànga, ẹ má sì mu omi rẹ̀ ná. Síse ò lè lé oògùn kúrò.

Ìyá Àyọ̀: Ẹ ṣé gan-an. A ha á o, àwọn ọmọ ló bá wa ṣa èépá rẹ̀. Mo ń kó wọn lọ sọ́sípítù lọ́la kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bàálé mi ti fa tẹ̀tẹ̀ tu, ó kó o sídìí ògiri. Kí n tó gbé àpò jáde, adìẹ aládùúgbò ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Aládùúgbò wo? Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti ń ra ẹyin o.