Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn 40 ọdún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Bódìjà:
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹni ọdún 47 ni mí, iṣẹ́ ìjókòó ni mo ń ṣe n'Íbàdàn, n kò sì tíì sáré gidi láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó wù mí láti kópa nínú eré ìje Marathon ìlú Èkó. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀, irú bàtà wo ni kí n rà, ṣé orúnkún mi yóò sì gbà á?

Ìyá Eléré:
Ẹ kú ìpinnu, sà. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti kọjá 40 ọdún ni ẹ̀jẹ̀ wa ń ru tí kò sì sí ibi tó ń dùn wá. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan sáré, kí ẹ fi méjì rìn, títí ìdajì wákàtí yóò fi pé, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sá eré 10,000 mítà níbi Òlíńpíìkì ọdún 1972, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìrìn tì yín lójú. Bí ẹ kò bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Ohun tó ń kó àgbà sí wàhálà ni pé eré máa ń tètè mọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lára, èémí á já geere, ara á sì máa yá ènìyàn, nígbà tí iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kò tíì ṣe tán. Bí ó bá le koko nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi eré ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kánkán:
Ní ti bàtà, n kò fara mọ́ bọ́síkọ̀nà, bó ti wù kó dán tó, nítorí fóòmù inú rẹ̀ lè ti kú. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì tí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, tó sì dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra tuntun, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè tó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ sì kù níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ ti máa sáré. Igi wà níbẹ̀, ọkọ̀ kò sì pọ̀ bí ti títì Bódìjà.

Ará Ṣúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, eré Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ní ti 10 kìlómítà pẹ̀lú. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sá. Èyí tó jẹ́ 42.195 kìlómítà máa ń gba orí afárá Third Mainland, níbi tí kò sí ibòji kankan, oòrùn oṣù Kejì ń ta láti òkè, ó sì tún ń kọ mànà láti ojú ọ̀sà. Ẹ má gbára lé píọ̀ wọ́tà nìkan lójú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí bí omi bá pọ̀ jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè dínkù débi ewu.

Akọ̀wé Bódìjà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ku ti orúnkún.

Ìyá Eléré:
Eré ìwọ̀nba kì í sábà ba orúnkún tó dá ṣáṣá jẹ́, sà. Ara wíwúwo àti ìpalára àtijọ́ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ṣé ẹ ti fi orúnkún ṣèṣe rí, bóyá nídìí bọ́ọ̀lù? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà egungun wò ó kí ẹ tó ra bàtà.