Ṣé kí n gba iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní Ṣáínà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, mo sì ní digirí. Aṣojú kan pè mí pé ilé ìwé jẹ́léósinmi kan ní Ṣáínà fẹ́ gbà mí: 9,000 yuan lóṣù, yàrá ọ̀fẹ́, àdéhùn ọdún kan.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni físà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi físà M wọlé, pé bí mo bá débẹ̀, àwọn á bá mi yí i sí Z. Ṣùgbọ́n ti oníṣòwò ni M, Z ni ti òṣìṣẹ́. Ilé ìwé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bá mi gba ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba wọn, kí n tó lọ tọrọ Z látilé. Bí ọlọ́pàá bá ká mi mọ́ kíláàsì pẹ̀lú M, owó ìtanràn ni, àhámọ́ ni, wọ́n sì lè dá mi padà sílé. Wọn kì í tilẹ̀ ka àwa ọmọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí. Ó dùn mí, nítorí òun la fi kàwé láti kékeré.

Aṣojú náà fẹ́ gba ₦850,000 kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Owó àjọ tí mo kó fún ilé ìwé àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà kan wà níbí tó gba Z látilé lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́? Ìwé wo ni kí n ní kí ilé ìwé náà fi hàn mí kí n tó sanwó?